Bàtà Òsì ní Pápá Eléruku

Bàtà òjò ni, ẹsẹ̀ òsì nìkan. Irin pẹlẹbẹ kan wà lábẹ́ rẹ̀, tí wẹ́dà kan ní Agric ní Ìkòròdú fi òòlù lù títí ó fi bá ẹsẹ̀ mu, tó sì fi wáyà dè é mọ́ rọ́bà. Ẹni tí kò bá mọ ìdí rẹ̀ yóò rò pé ẹsẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ lára ẹni tó ni ín. Ẹsẹ̀ bàbá mi dọ́gba. Nígbà tí máṣìnì bá ń yí kọ́nà lórí eré, ẹsẹ̀ òsì ni wọ́n máa ń nà sílẹ̀ kí wọ́n má baà ṣubú, irin yẹn á sì máa ha ilẹ̀ lọ. Bó bá kan òkúta, iná á ta. Àwa tí a dúró lẹ́bàá ọ̀nà máa ń gbọ́ ìró irin náà kí a tó rí ẹni tó wọ̀ ọ́, nítorí eruku.

Pápá Eléruku ni gbogbo wa ń pe ibẹ̀. Apá ọ̀nà Ìmọ́tà ló wà, níbi tí oko ẹ̀gẹ́ parí sí. Kì í ṣe ìjọba ló ṣe é. Agbaṣẹ́ṣe kan ló wá wa ilẹ̀ pupa níbẹ̀ láti fi ṣe ọ̀nà ibòmíràn. Nígbà tó wà á tán, ó kó kátápílà rẹ̀ lọ, ó sì fi ilẹ̀ títẹ́jú kan sílẹ̀ tó rí bí ẹyin adìyẹ. Àwọn ọlọ́kadà ló rí ìwúlò rẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé títí di Sátidé, èrò ni wọ́n ń gbé láti Agric lọ sí Èbúté Ìkòròdú. Bó bá di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, wọn yóò kó ara wọn jọ sí pápá, àwọn ará Ẹ̀pẹ́ yóò gun máṣìnì wá bá wọn, wọn yóò sì jọ sáré yí ilẹ̀ náà ká. Ọwọ́ òsì ni wọ́n máa ń yí sí nígbà gbogbo. Ẹni tó bá borí kò gba nǹkan kan ju ariwo lọ, àti ọ̀rọ̀ tí yóò fi máa yọ àwọn yòókù lẹ́nu di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Máṣìnì tí wọ́n bá fẹ́ fi sáré níbẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ yọ bíréékì rẹ̀ kúrò. Ó máa ń ya àlejò lẹ́nu. Bàbá mi ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nígbà tí mo kéré. Wọ́n ní ẹni tó bá ní bíréékì, ẹ̀rù yóò mú un tẹ̀ ẹ́ ní kọ́nà, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á sì gun orí rẹ̀. Ó sàn kí gbogbo èèyàn má ní i, kí olúkúlùkù mọ̀ pé ẹni iwájú òun kò lè dúró lójijì. Òfin kejì ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé kọ́nà. Ẹni tó bá gba inú koríko kí ọ̀nà lè yá fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló kọ́kọ́ dé, a kò ní kà á sí ẹni tó sáré rárá.

Iṣẹ́ àwa obìnrin ni omi. Ilẹ̀ pupa ni ibẹ̀, bí a kò bá fi omi wọ́n ọn, lẹ́yìn ìgbà tí máṣìnì àkọ́kọ́ bá kọjá, ẹni tó tẹ̀lé e kò ní rí ọwọ́ ara rẹ̀. Ìyá mi ni olórí àwọn olómi. Kànga kan wà nítòsí, kéègì la fi ń pọn ọ́n, a ó dà á sínú dírọ́ọ̀mù, a ó wá máa fi abọ́ bù ú wọ́n ilẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe kí a kàn máa da omi. Bó bá pọ̀ jù, ilẹ̀ á di ọbẹ̀, táyà á yọ̀. Bó bá kéré jù, a kò ṣe nǹkan kan. Ìyá mi á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ilẹ̀, wọ́n á gbé e sókè. Bí ilẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ó ti mu jù. Bí wọ́n bá fẹ́ atẹ́gùn sí ojú ilẹ̀ tí nǹkan fò, kò tíì mu tó.

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ omi nítorí pé kò gba ọ̀rọ̀. Ọmọ onítìjú ni mí láti kékeré. Bí tíṣà bá pè mí dìde ní kíláàsì, ohun tí mo mọ̀ á sá kúrò lórí mi. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mo sì lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, kò sì dùn mí púpọ̀ nígbà yẹn, nítorí ẹ̀rọ ìránṣọ kì í béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní pápá, àwọn ọlọ́máṣìnì máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀.

"Ẹ̀yin ìyá yìí, ta ló gé ahọ́n ọmọ yín?"

"Kò sẹ́ni tó gé e," ni ìyá mi á dáhùn. "Ó wà nílé, ó ń sinmi. Ọjọ́ tó bá jí, ẹ ó gbọ́."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi á fi ojú mi pamọ́ sẹ́yìn dírọ́ọ̀mù.

Ohun kan tún wà tí wọ́n máa ń ṣe níbẹ̀, òun ni mo tìtorí rẹ̀ kọ ìwé yìí. Bí ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́máṣìnì bá kú, ìbáà jẹ́ àìsàn ló pa á ní orí ibùsùn rẹ̀, wọn kì í jẹ́ kí wọ́n sin ín kí wọ́n tó gbé e yí pápá. Òkú náà kọ́ ni wọ́n ń gbé. Máṣìnì rẹ̀ ni. Wọn kì í tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Wọ́n á so bàtà òsì rẹ̀ mọ́ ọwọ́ máṣìnì, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á dì í mú lọ́tùn-ún lósì, wọ́n á sì rọra tì í láti abẹ́ igi àgbálùmọ̀, níbi tí eré ti máa ń bẹ̀rẹ̀, yí gbogbo pápá, títí yóò fi padà dé abẹ́ igi náà. Ẹnikẹ́ni kì í pariwo. Àkọ́kọ́ tí mo rí ni ti ọkùnrin kan láti Ìmọ́tà tí ó máa ń ra gúgúrú fún mi. Àwa obìnrin ló ṣáájú, a ń wọ́n omi. Nígbà tí a ń padà sílé, mo bi ìyá mi léèrè ìdí tí a fi ń wọ́n omi fún máṣìnì tí kò ní tú eruku kankan.

"Kí eruku má baà bá a lọ ni," ni ìyá mi wí.

Bàbá mi ló máa ń di ọwọ́ òsì máṣìnì mú nígbà tí wọ́n bá ń gbé ẹnikẹ́ni yí. Ẹnikẹ́ni tó kú, wọ́n lọ. Ọ̀kan péré ni wọn kò rí gbé yí. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ẹ̀pẹ́ kan ni. Àwọn ẹbí rẹ̀ kò mọ ohun tí à ń ṣe ní pápá, wọ́n gbé e lọ sí ìlú ìyá rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì ta máṣìnì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn bàbá mi. Bí ẹnìkan bá kàn dárúkọ ọmọ náà nídìí oúnjẹ, wọ́n á fọwọ́ ti abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n á ní, "Ọmọ yẹn ṣì wà ní kọ́nà." Wọn kì í sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Pápá náà kò parí lọ́jọ́ kan. Àwọn sọ̀fíyọ̀ tó ń wọn ilẹ̀ ló kọ́kọ́ dé, wọ́n kan èèkàn mọ́lẹ̀, wọ́n so aṣọ pupa mọ́ ọn. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ti ta ibẹ̀. Kò sí ìjà, nítorí ilẹ̀ náà kì í ṣe tiwa, a kò sì pè é ní tiwa rí. Ọjọ́ Àìkú bíi mélòó kan, àwọn ọlọ́máṣìnì ń sáré yí èèkàn po. Lẹ́yìn náà, típà bẹ̀rẹ̀ sí í da yanrìn láti Èbúté. Lẹ́yìn yanrìn, bílọ́ọ̀kù. Lẹ́yìn bílọ́ọ̀kù, wọ́n mọ ògiri yí gbogbo rẹ̀ ká, wọ́n gbé géètì sí i, ó di ẹsítéètì. Àwọn oníṣẹ́ ìjọba àti àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì ló ń gbé níbẹ̀ báyìí, àwọn tó ń jáde lọ sí Èkó kí ilẹ̀ tó mọ́, tí wọ́n ń padà nígbà tó bá ti ṣú. Igi àgbálùmọ̀ nìkan ni wọn kò gé. Wọ́n fi bíríkì yí ìdí rẹ̀ ká kí àwọn èèyàn lè máa jókòó sí ibòòji rẹ̀.

Bàbá mi wá di mẹkáníìkì ní Agric. Wọ́n gbé máṣìnì eré wọn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tí a háyà, wọ́n fi tapólì bò ó. Onílé kò yé ráhùn. Ó ní òun kò mọ̀ bóyá èèyàn ni òun gbà sílé tàbí irin. Bàbá mi á ní, "Ẹ má bínú, alájọgbélé mi ni." Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n á ká tapólì náà kúrò, wọ́n á nu máṣìnì, wọ́n á tún bò ó padà.

Nígbà òjò tó kọjá ni àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. A lọ sí ọsibítù, wọ́n fún wọn lóògùn, ó fúyẹ́ díẹ̀, ó tún padà. Ọ̀sán ọjọ́ kan, èmi nìkan ló wà lọ́dọ̀ wọn, mò ń rán ìdí ṣòkòtò kan tó já. Wọ́n ní kí n dá ẹsẹ̀ ẹ̀rọ dúró.

"Bí mo bá lọ, ẹ gbé mi yí."

Ẹ̀rù bà mí. Mo ní, "Bàbá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ó gbádùn."

"Mo gbọ́. Bí mo bá gbádùn tán tí mo wá lọ, ẹ gbé mi yí."

"Ilé ti bo ibẹ̀, Bàbá."

"Orí kí ni ilé wà?"

"Orí ilẹ̀ ni, sà."

"Ṣé o rí i? Ilẹ̀ kò lọ síbì kan." Wọ́n mí díẹ̀. "Ọ̀rẹ́ mi ará Ẹ̀pẹ́ mọ ojú ọ̀nà náà. Bó bá fọ́jú, yóò mọ̀ ọ́n. Pè é. Èmi kò fẹ́ wà ní kọ́nà."

Mo ní mo ti gbọ́. Wọ́n ní kí n tẹ ẹ̀rọ mi lọ.

Wọ́n kú lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, ní àárọ̀ tí kò sí òjò. Mùsùlùmí ni wá, a kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílé. Àáfà ní lẹ́yìn tí a bá kírun Àìlà, kí Alásárì tó dé, ó yẹ kí wọ́n ti wọ ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà ní Ìbàdàn, ó ń bọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn. Ìyá mi ti di opó, wọn kò lè jáde. Wọ́n wò mí láti ibi tí wọ́n jókòó sí.

"Ìwọ ni wọ́n sọ fún," ni wọ́n wí.

Mo pe ọ̀rẹ́ bàbá mi, bàbá Ẹ̀pẹ́, lórí fóònù. Bí mo ṣe dárúkọ ara mi ni wọ́n ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí n kì í pe ènìyàn. Kí oòrùn tó mú, wọ́n ti dé pẹ̀lú àwọn ọlọ́máṣìnì àtijọ́ mélòó kan. Irun gbogbo wọn ti funfun tàbí kó ti lọ. Wọ́n kí ìyá mi, wọ́n ká tapólì kúrò lórí máṣìnì. Mo mú bàtà òsì wá láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bàbá Ẹ̀pẹ́ sì so ó mọ́ ọwọ́ máṣìnì. Àáfà ń wò wọ́n. Kò ní kí wọ́n má lọ. Ó kàn ní, "Ẹ má jẹ́ kí Àìlà bá yín níbẹ̀." Mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì àti abọ́ kan, mo sì tẹ̀lé wọn.

Ní géètì ẹsítéètì, sìkíọ́rítì jáde sí wa, ọkùnrin kan tó sanra, tó fi apá di ẹnu ọ̀nà. Bàbá Ẹ̀pẹ́ la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ohùn wọn ló máa ń bo ti gbogbo èèyàn mọ́lẹ̀ ní pápá, bí máṣìnì bá ń dún gan-an, à ń gbọ́ wọn. Lọ́jọ́ yẹn, ohùn wọn kò jáde. Wọ́n yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn yòókù ń wo ilẹ̀. Mo wá rí i pé bí mo bá dákẹ́, ibẹ̀ ni a ó ti padà.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ni mo wí. "Bàbá mi ló kú láàárọ̀ yìí. Orí ilẹ̀ tí ilé yín yìí wà ni wọ́n ti máa ń sáré tẹ́lẹ̀. A fẹ́ ti máṣìnì wọn yí i lẹ́ẹ̀kan."

Ó wo máṣìnì, ó wo bàtà. "Èyí tí kò ní bíréékì yìí?"

"Kò ní in, sà."

"Ẹ fẹ́ gbé máṣìnì tí kò ní bíréékì wọ àdúgbò àwọn olówó. Bó bá ya lu ọkọ̀ ẹnìkan ńkọ́? Ṣé òkú ni n ó ní kó wá tún un ṣe?"

"A ò ní tan ẹ́ńjìnnì," ni mo wí. "A ó dì í mú. Wọn kò tíì sin wọ́n, sà. Ilé ni wọ́n wà."

Ẹ̀rín tó wà lẹ́nu rẹ̀ kúrò. Ó gbé apá rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní òun kò mọ̀ pé a kò tíì sin ín, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, òun yóò bá wa rìn kí ẹnikẹ́ni má baà dá wa dúró. Ó sì fi ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀ hàn mí kí n pọn sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì.

A bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ igi àgbálùmọ̀. Èmi ni mo ṣáájú. Kò sí ilẹ̀ pupa mọ́, ìńtálọ́ọ̀kì ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀, kò sì sí eruku tí omi fẹ́ pa. Síbẹ̀ mo wọ́n ọn bí ìyá mi ṣe kọ́ mi. Bàbá Ẹ̀pẹ́ di ọwọ́ òsì máṣìnì mú, níbi tí bàbá mi máa ń dì mú. Wọn kò wo òpópónà rárá. Wọ́n ń wo ibi tí ọ̀nà náà gbà tẹ́lẹ̀, bí òpópónà bá sì yà kúrò lórí rẹ̀, a ó gba iwájú ilé onílé, sìkíọ́rítì á sì máa bá wa kí wọn. Obìnrin kan tó ń sá aṣọ bọ́ gèlè orí rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí a kọjá. N kò mọ ohun tí sìkíọ́rítì sọ fún un.

Ní ibi kan, òpópónà náà dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ nítorí yanrìn tí wọ́n fi kún ilẹ̀. Máṣìnì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í fà á sẹ́yìn, bàtà ń jù fìrìfìrì. Ọ̀kan nínú wọn ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ẹ dì í mú, ẹ dì í mú. Bàbá yìí ṣì fẹ́ ṣe ipò kìn-ín-ní."

"Kó fi wá sílẹ̀ níhìn-ín ló fẹ́," ni èkejì wí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì tètè tán.

A ti yí kọ́nà tó kẹ́yìn dé ìdajì nígbà tí a dé iwájú géètì dúdú kan. Bàbá Ẹ̀pẹ́ dúró. Àárín ọgbà ilé náà gan-an ni ọ̀nà eré àtijọ́ gbà, ó wọlé láti ẹsẹ̀ géètì, ó sì já sí ògiri ẹ̀yìn. Sìkíọ́rítì kan ilẹ̀kùn. Ó ní onílé àti ìyàwó rẹ̀ ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó láti àárọ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ wọn nìkan ló wà níbẹ̀, kì í sì í ṣílẹ̀kùn.

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ní kí a gba ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ pàdé ọ̀nà lẹ́yìn. Bàbá Ẹ̀pẹ́ mi orí. Ohùn wọn ti padà díẹ̀.

"Ṣé kí a gé kọ́nà fún un ni? Òun tó jẹ́ pé òun ló ń lé àwọn tó bá gé e?"

"Ògiri ni èyí, ẹ̀yin náà. Kì í ṣe koríko."

"Kọ́nà tí a bá gé, a gé e ni." Wọ́n jókòó sórí etí gọ́tà, wọn kò sì fi máṣìnì náà sílẹ̀. "A ó gbé e padà. Bí kò bá pé, kò pé nìyẹn."

Mo ronú nípa ọmọ Ẹ̀pẹ́ tí bàbá mi ń fọwọ́ ti abọ́ oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nítorí rẹ̀. Oòrùn ti fẹ́ dé àárín orí. Mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì mi sílẹ̀, mo lọ bá ihò kékeré tó wà lára géètì. Mo rí ojú kan níbẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni mo wí.

"Ẹ ṣeun. Kò sí ẹnikẹ́ni nílé."

"Ẹ̀yin wà nílé."

"Èmi kì í ṣe ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ ṣílẹ̀kùn, ìbáà jẹ́ ẹ̀bùn ni ẹ mú wá."

Ohùn rẹ̀ kéré bíi tèmi. Ọ̀dọ́bìnrin ni, ohùn rẹ̀ jọ ti apá Ọ̀ṣun níbi tí bàbá mi ti wá. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ohun tí pápá jẹ́, ohun tí wọ́n ń ṣe bí ọlọ́máṣìnì bá kú, ibi tí ọ̀nà gbà nínú ọgbà tó dúró sí. N kò rò pé mo ti sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ fún àlejò rí.

"Ẹ kú àràfẹ́rakù," ló wí nígbà tí mo sọ tán. "Mi ò lè ṣí i, àǹtí. Iṣẹ́ mi ni."

"Ẹ má ṣí i. Ẹ bá wa gba bàtà yìí nìkan, kí ẹ mú un gba inú ọgbà, kí ẹ wá nà án sí wa lórí ògiri ẹ̀yìn."

Àwọn àgbà gbójú sókè. N kò ronú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹnu mi ló sọ ọ́. Bàbá Ẹ̀pẹ́ wo bàtà tó rọ̀ lọ́wọ́ máṣìnì, wọn kò sì kọ̀.

"Ṣé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀?" ni ọmọbìnrin náà béèrè. "Bàtà òkú ni. Ẹ má bínú."

N kò bínú, bó bá jẹ́ èmi ni, n ó béèrè. Mo tú bàtà náà, mo gbọ̀n ọ́n wò lójú rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò kúrò ní ihò. Mo wá bọ́ sálúbàtà mi, mo ki ẹsẹ̀ òsì mi bọ inú bàtà bàbá mi. N kò wọ̀ ọ́ rí. Ó tóbi, ó tutù, irin abẹ́ rẹ̀ mú mi ga sókè ní ẹ̀gbẹ́ kan. Mo rìn díẹ̀ níwájú géètì kó lè rí i pé kò sí ohun tó ṣe mí.

"Ẹ gbé e wá," ló wí.

Mo bọ́ ọ, sìkíọ́rítì sì gbé e lé e lọ́wọ́ lórí géètì. Bàbá Ẹ̀pẹ́ súnmọ́ ihò náà, wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ géètì, kó máa yà sí òsì díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kan ògiri ẹ̀yìn.

"Ṣé kí n sáré ni, bàbá?"

"Rárá, ọmọ mi. Rọra."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi omi wọ́n ilẹ̀ díẹ̀."

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ilẹ̀ ni," ló fèsì. "Kò tíì gbẹ."

Àwọn àgbà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ti máṣìnì lọ sí ẹ̀yìn ilé láti lọ dúró dè é. Ìgbà náà ni a gbọ́ ọ. Irin ń ha ilẹ̀. Ó ha, ó dáwọ́ dúró, ó tún ha. Ọmọbìnrin náà kò fi ọwọ́ gbé bàtà. Ó ti rí i tí mo wọ̀ ọ́ tí mo sì rìn, ó rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, ó ti ki ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bọ̀ ọ́. Bàtà náà wúwo fún un, kò lè gbé e nílẹ̀, ó ń wọ́ ọ ni. A kò rí i. Ìró náà ń lọ lẹ́yìn ògiri, ó ń yà sí òsì, ó ń yà sí òsì.

Bàbá Ẹ̀pẹ́ bọ́ fìlà wọn. Àwọn yòókù dúró síbi tí wọ́n wà, ọwọ́ wọn lórí máṣìnì. Sìkíọ́rítì tí kò mọ̀ wá rí náà dúró. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ títí ìró náà fi dé ògiri ẹ̀yìn, tó sì dákẹ́. Nígbà tí a débẹ̀, ọwọ́ kan ti na bàtà sókè lórí ògiri. Mo gbà á. Inú rẹ̀ ti gbóná.

"Ẹ ṣé," ni mo wí.

"Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?"

Bàbá Ẹ̀pẹ́ ló dá a lóhùn. "Ó dáa, ìyá mi. Ẹsẹ̀ òsì ló ń yí kọ́nà. Máṣìnì kàn ń tẹ̀lé e ni."

Wọ́n so bàtà náà padà, wọ́n sì ti máṣìnì títí dé abẹ́ igi àgbálùmọ̀. Omi tó kù nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì mi, mo dà á sí ìdí igi.

Nígbà tí a délé, wọ́n ti wẹ̀ wọ́n, wọ́n ti fi aṣọ funfun wé wọn, àkéte tí wọ́n fi ń gbé òkú ti wà ní ẹnu ọ̀nà. Àwọn ọkùnrin ń ṣe àlùwàlá. Ẹ̀gbọ́n mi kò tíì dé. Bàbá Ẹ̀pẹ́ lọ fọ ẹsẹ̀, èmi sì dúró lójú fèrèsé yàrá tí ìyá mi jókòó sí láàrin àwọn obìnrin. Èrò pọ̀ níbẹ̀. Ìyá mi rí mi, wọ́n gbé orí sókè.

"Ṣé ó pé?"

Gbogbo ojú yí sí mi. Tẹ́lẹ̀, n ó kàn mi orí ni, tàbí kí n wo ilẹ̀.

"Ó pé, mà," ni mo wí, ohùn mi sì dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà níta.

Ìyá mi tẹ orí wọn ba. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí Àáfà ní kí wọ́n gbé bàbá mi.